Ẹ Rọra, Ẹ̀mí Ẹnìkejì Wà Lọ́wọ́ Yín

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:38-41, Diutarónómì 22:8

Láti àárọ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ tàbí kí ẹ ti sọ ọ́. Ọmọ gbé omi karí, ìyá rẹ̀ ní kó rọra nítorí ilẹ̀ ń yọ̀. Ọlọ́kadà gbé èrò méjì, ó kọjú sí ọ̀nà Ìlútitun, ìyá tó ń dín àkàrà létí títì sọ fún un pé, "Ẹ rọra o, òjò ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́." Bàbá àgbà fẹ́ dìde lórí àga, gbogbo ilé ní, "Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, Bàbá." Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Òkìtìpupa, ní Òde-Ayé, ní Òde-Ìrèlè, mi ò mọ agboolé tí ilẹ̀ máa ń ṣú kí ẹnì kan tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣìkẹ́ ẹlòmíràn. Àdúrà wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá kà yín sí kò ní í sọ fún yín pé kí ẹ rọra.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tá a sábà máa ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí ewu lè dé bá ni: ọmọdé, arúgbó, aboyún, ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Ẹni tí ewu lè gba ọwọ́ rẹ̀ dé bá ọmọlàkejì ńkọ́? Ta ló ń sọ fún òun pé kó rọra?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè lọ́nà tó ya gbogbo ìlú lẹ́nu. Orí á kọ́kọ́ fọ́ aláìsàn, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, kò ní pẹ́ tí kò fi ní í ríran mọ́, á dákú, ó sì lè má tó ọjọ́ kan lẹ́yìn náà tí á fi dákẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó kú ti ju 15 lọ. Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí Ẹ̀bólà wọ orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà orúkọ Ẹ̀bólà ló kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àwọn mìíràn ní òrìṣà Malokun ló ń bínú, pé àwọn ọ̀dọ́ kan ló já wọ ojúbọ rẹ̀. Wọ́n gbé ohun àyẹ̀wò lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, wọn kò rí kòkòrò àrùn tó fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko. Níkẹyìn ló wá hàn pé methanol ni, inú ògógóró tí àwọn èèyàn náà mu ló sì wà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún kan náà, irú ikú yìí tún jà ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí methanol yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní wà. Ọtí ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọtí mímu. Àwọn iléeṣẹ́ ló ń lò ó láti ṣe oríṣiríṣi nǹkan tí kò kan ẹnu èèyàn. Ó mọ́ gaara bí omi. Òórùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọtí líle. Bó bá wà nínú ògógóró, ojú kò lè dá a mọ̀, imú kò lè dá a mọ̀, ahọ́n kò lè dá a mọ̀. Ẹni tó mu ún lè sùn, kó jí, kó kí ará ilé, kó mú àdá lọ sóko. Inú ara ló ti ń yí padà di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́, ó sì lè tó wákàtí 12 sí 24 kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti fọ́ ojú èèyàn. Nígbà tí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ife àná ti di ohun tá a gbàgbé, ẹni tó ta ọtí náà sì ti lè bu fún ẹlòmíràn.

Oníwàásù kan lè ní, ẹ ò rí i, ọtí ló fà á. Òótọ́ ni pé Ìwé Mímọ́ kìlọ̀ fún wa nípa ìmutípara, mi ò sì ní bomi la ìkìlọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí àṣàrò wa bá dúró síbẹ̀, a ti di ẹ̀bi lé òkú lórí, a sì ti dá gbogbo ọwọ́ tí ọtí náà gbà kọjá láre. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ògógóró kì í ṣe ti ọ̀mùtí nìkan. Ó máa ń wà níbi ìdána. Àgbà ń fi í súre fọ́mọ. Wọ́n ń rẹ egbò àti èèpo igi sínú rẹ̀ fún ara ríro. Ẹni tó gba ife kékeré kan níbi òkú àgbà, kí ló tún kù tí ì bá ṣe kó má bàa kú? Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó mọ ẹni tó gbé e fún òun. Gbogbo ìṣọ́ra tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló lò, kò sì gbà á. Ìṣọ́ra tí ì bá gbà á là, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà: ẹni tó po ọtí, ẹni tó gbé e wá, ẹni tó rà á tà. Èyí ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò níwájú Ọlọ́run lónìí. Apá kan wà nínú ẹ̀mí yín tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè ṣọ́, bó ti wù kí ẹ fura tó. Ọlọ́run ti fi í sọ́wọ́ aládùúgbò yín. Ó sì ti fi ti aládùúgbò yín sọ́wọ́ tiyín.

Ẹ ṣí Bíbélì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gílígálì. Ìyàn mú. Èlíṣà ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn jáde lọ sí pápá láti wá ẹ̀fọ́, ó rí ìtàkùn igbó kan tó so, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ, ó dé, ó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Wọn kò mọ ohun tí èso náà jẹ́. Nígbà tí mo bá ka ibẹ̀, tàgíìrì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, tó tutù lójú tó sì korò bí ewúro. Ẹni tó ká a kì í ṣe èèyàn burúkú. Ebi ń pa àwọn arákùnrin rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìkòkò kún. Aájò ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù ju ká ní ọ̀tá ló yọ́ wá bu májèlé sí ọbẹ̀ náà, nítorí a lè ṣọ́ ọ̀tá. Aláàánú tó ń kánjú ńkọ́? Kò fi èso náà han ẹnikẹ́ni kó béèrè bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. Kò tọ́ ọ wò kó tó dà á sínú ìkòkò tí gbogbo ilé fẹ́ jẹ.

Àwọn ará Gílígálì rí àánú gbà ní ti pé wọ́n mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n ti fi kan ẹnu ni wọ́n ké sí wòlíì pé ohun tó wà nínú ìkòkò yìí máa pa àwọn. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó kọ́kọ́ ké. Ó lè tijú. Ilé wòlíì ni, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni, ìyàn sì mú. Àwa tá a kọ́ láti kékeré pé a kì í bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ ẹni, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá gbé e mì, tí ì bá sì tún dúpẹ́. Òun ké, igbe rẹ̀ ló sì dá ọwọ́ àwọn yòókù dúró lórí àwo. Èlíṣà kò pè é ní aláìmoore. Kò lé ẹni tó ká èso náà kúrò nínú ilé. Ó ní kí wọ́n mú ìyẹ̀fun wá, ó dà á sínú ìkòkò, Ọlọ́run sì mú oró inú rẹ̀ kúrò, wọ́n jẹun.

Igbe kì í gbani là bí kò bá sẹ́ni tó fetí sí i. Ìkálẹ̀ mọ èyí dunjú. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ òfuurufú kan gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, ọmọ Ìjù-Odò tó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Èkó, ó ń lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tó gbéra tó fi já lulẹ̀, àwọn tó kú nínú rẹ̀ sì pọ̀ ju àwọn tó yè lọ. Nígbà tí àwọn tó ń ṣèwádìí tẹ́tí sí ohùn tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà gbà sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ níbi tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé nǹkan kò tò bó ṣe yẹ kí wọ́n tó sáré gbéra. Wọ́n gbéra bẹ́ẹ̀. Ọ̀fọ̀ kan di ọ̀fọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ọ́ láti dá ẹni tó ti lọ lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, níbi bíréèkì tó ń ké, níbi wáyà iná tó ń tàn pàrà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tá a sì ń bá tiwa lọ.

Àwọn ìyá wa tó ń fi pákí ṣe pupuru mọ ohun tí mò ń sọ, bí wọn kò tilẹ̀ ní pè é ní àṣàrò. Pákí tó ń bọ́ wa nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ní oró nínú láti oko, pàápàá èyí tó bá korò. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanide. Àwọn ìyá ìyá wa kò kà á nínú ìwé, síbẹ̀ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde. Wọ́n á bó pákí, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, á di ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún. Ẹ wá wo obìnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó fa pákí kan jáde, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì le ní àárín, á dá a padà títí dọ̀la. Bó bá ti rọ̀ dénú, á fọ́ ọ, á yọ ìràn inú rẹ̀, á kó o sápò, á gbé òkúta lé e kí omi ró jáde. Lẹ́yìn náà ni á mọ ọ́n róbótó-róbótó, á tò ó sórí àjà tó wà lókè ààrò, kí ooru àti èéfín máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Nígbà tó bá gbẹ, á fi ọ̀bẹ ha dúdú ẹ̀yìn yẹn kúrò, á gún inú funfun, á jọ̀ ọ́. Ká tó dà á sí omi gbígbóná ká rò ó, ká tó fi ọbẹ̀ marugbo gbé e mì, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀.

Nínú gbogbo ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kan tàbí méjì wà tó ṣeé jí. Ọjọ́ ọjà ti sún mọ́, owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀, pákí ti gbówó lórí. Bó bá kó o jáde nínú omi ní ọjọ́ kejì, ta ni yóò mọ̀? Nígbà tó bá ti gun orí ààrò, tó ti dúdú, tó ti gbẹ, oníbàárà kò lè fojú mọ iye ọjọ́ tó lò nínú omi. Ìyá tó jẹ́ kí ọjọ́ yẹn pé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti wò ó, ìjọsìn ló ń ṣe. Kò kọrin, kò kúnlẹ̀. Ó dúró de pákí títí ó fi rọ̀. Mo gbà gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé Ọlọ́run ń gba ìyẹn bó ṣe ń gba ọrẹ tá a gbé wá sórí pẹpẹ. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò jẹ oúnjẹ náà, ọmọ tí kò mọ̀, tí kò ní í rí láéláé. Pọ́ọ̀lù kọ irú rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè, pé kí àwọn tó ń sìn lábẹ́ ọ̀gá fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ wọn bí ẹni tó ń ṣe é fún Olúwa, kí wọ́n má ṣe é nítorí ojú èèyàn.

Òfin kan tún wà nínú Diutarónómì tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Òrùlé àwọn ará Ísírẹ́lì tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn, tí wọ́n ń sá nǹkan, tí àlejò ń sùn. Ọlọ́run ní ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí orí òrùlé náà ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ré bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì wá sórí ilé. Ẹ wò ó dáadáa. Onílé kò ti ẹnikẹ́ni. Àlejò ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí. Síbẹ̀ Ọlọ́run ní ọ̀rọ̀ náà kan onílé, nítorí ó mọ̀ pé èèyàn máa gun orí òrùlé òun, kò sì mọ odi.

Àwa kì í kọ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀. Òjò tiwa kò ní í gbà. Ṣùgbọ́n kànga wà lẹ́yìnkùlé wa, ṣé ó ní ìdérí? Ọ̀pọ̀ ọdún ni iná mọ̀nàmọ́ná fi ṣíwọ́ ní Òkìtìpupa, ní Ìrèlè àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, tí jẹnẹrétọ̀ wá di dandan fún aláṣọ rírán, onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Níbo ni ẹ gbé tiyín kà lálẹ́? Oró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tirẹ̀ tó lè jí ẹni tó ń sùn, kò sì mọ ààlà ilé. Ó lè gba ojú fèrèsé wọ yàrá ọmọ aládùúgbò. Ẹni tó ń ta kẹrosíìnì, ṣé kẹ́ẹ̀gì tó gbé bẹntiróòlù lánàá ló tún bù ú sí? Ẹni tó ń ta oògùn, ṣé ó wo ọjọ́ tó wà lára páálí kó tó kà á fún ìyá ọlọ́mọ tí kò mọ̀wé?

Ẹnì kan lè ní, ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni gbogbo èyí? Ṣé Ọlọ́run kì í ṣọ́ àwọn tirẹ̀ ni? Ó ń ṣọ́ wọn. Sáàmù 127 tí a fẹ́ràn láti tọ́ka sí kò sì ní kí olùṣọ́ ìlú lọ sùn. Ohun tó ń sọ fún un ni pé òun nìkan kò tó. Nígbà tí Sátánì ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì, tó tún fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, Olúwa kò bẹ́. Ẹ gbàdúrà kí ẹ tó wọkọ̀, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ sì tún bíréèkì ṣe.

Bákan náà ni ti ẹnu wa. Bí àjálù bá dé bá ìlú, tá a sì fi ọjọ́ púpọ̀ wá ẹni tó ṣépè, kẹ́ẹ̀gì tó fà á ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn ṣì ń na owó láti rà níbẹ̀. Onígbàgbọ́ tó bá kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni gbogbo àwọn tó kú yìí jọ jẹ, kí ni wọ́n jọ mu?" kò tako ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn lè jẹ́ ìdáhùn àdúrà tí ìyá kan ń gbà lórí ọmọ rẹ̀.

Kí ẹ tó jáde lónìí, ẹ ronú kan ohun kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn ń gba ọwọ́ yín jẹ, tàbí mu, tàbí gùn, tàbí sùn sí. Bó bá jẹ́ ìkòkò ni, ẹ ṣí i wò. Bó bá jẹ́ táyà ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun kan kò dára tó nínú iṣẹ́ yín, tí ẹ ń sọ pé kò tíì pa ẹnikẹ́ni, ẹ dá a dúró lónìí, kódà bí èrè ọ̀sẹ̀ yìí bá máa dín kù.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú ìkòkò kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Rántí àwọn ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Òde-Ìrèlè lọ́dún 2015, àti àwọn opó àti ọmọ tó ṣì ń gbé inú àìní tí ikú yẹn fi sílẹ̀. Bá wa kọ́ àwọn tó ń po ọtí, àwọn tó ń ta oògùn, àwọn tó ń wa ọkọ̀ àti àwọn tó ń dáná fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kí wọ́n mọ iye ẹ̀mí tó wà lọ́wọ́ wọn. Bùkún ọwọ́ ìyá tó jẹ́ kí ọjọ́ pákí pé nínú omi. Bí mo bá rí ewu, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa igbe mọ́ mi lẹ́nu. Bí ẹlòmíràn bá sì ké sí mi, jẹ́ kí n dúró gbọ́ ọ. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.